Mọ́tò Tí Orrin Stuckey Ń Retí

Orrin Stuckey kò fẹ́ mọ́tò tó ń sáré. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní mọ́tò eré ìje ló fẹ́ ni, ogójì irú rẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ mi nínú páálí tó ń dán, mọ́tò àtòpọ̀ kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mọ́tò gidi. Gbogbo ẹ̀yà ara wọn ṣì wà lára férémù ike, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gé wọn, tó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó máa kùn wọ́n. Lorimer ni Orrin fẹ́. Lorimer ni mọ́tò gbọọrọ onílẹ̀kùn ẹ̀yìn tí àwọn ìyá fi ń kó ọmọ lọ síbi bọ́ọ̀lù, tí ajá máa ń bì sí. Ìlú Tillman wa níbí, ní Indiana, ni wọ́n ti ń ṣe é, Orrin sì fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ ọn kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà pa. Wọ́n ti wó o, koríko ló kù níbẹ̀. Kò sọ́mọ tó lẹ àwòrán Lorimer mọ́ ògiri yàrá rí, nítorí náà kò sí ilé iṣẹ́ mọ́tò àtòpọ̀ kankan tó kà á sí.

Èmi Glenda ni mo ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra àwọn mọ́tò àtòpọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin mẹ́fà tàbí méje máa ń jókòó yí tábìlì gígùn mi ká lẹ́yìn, wọ́n á máa fi bébà oníyanrìn ha ike, wọ́n á máa mu kọfí mi, wọ́n á sì máa ṣàròyé pé kò dùn. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí. Ó ti sú mi, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá wá, n kì í mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀sán yẹn ṣe.

Oṣù Kejì ọdọọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ máa ń kéde àwọn mọ́tò tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé jáde. Èmi ni mo máa ń kà á sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́rin, tuntun yẹn kì í ṣe tuntun: ike àtijọ́ ni nínú páálí tí wọ́n ya àwòrán míì sí. Orrin á gbọ́ ọ dé òpin, á ní, "Ó dáa náà," á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. N kò rí i kó bínú rí. Èmi ni mo máa ń bá a bínú.

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn tó ń to mọ́tò, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gbọ́ dọ́kàn. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ gbé mọ́tò kan jáde, kí o jókòó, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá parí ìyà náà ni wọn yóò kéde rẹ̀. Duane Fetters, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló máa ń fi èyí yọ Orrin lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbẹ́ Lorimer yìí kí gbogbo wa sinmi. Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ akólẹ̀ tí mo fi ọdún méjì ṣe? Ọjọ́ Àìkú ni mo parí ẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti kéde ẹ̀. Tiwọn tún wá dáa ju tèmi lọ."

"Èwo ni ò dáa ju tìẹ lọ?" Orrin dá a lóhùn, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ gbọ́ àgbà tí ò ní mọ́tò!"

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo bi Orrin léèrè tọkàntọkàn ìdí tí kò fi fẹ́ gbẹ́ ẹ.

"Glenda, èyí tí mo bá gbẹ́, èmi nìkan ló mọ̀ pé ó yẹ. Mo fẹ́ kí ẹlòmíì tí ò mọ̀ mí rárá jókòó síbì kan, kó wo mọ́tò yẹn, kó ní, 'Ó yẹ ká ṣe eléyìí.' Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò tún bi í mọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ojú dé. Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ni Orrin ṣe sọ ọ́ fún wa: dókítà ojú ní àárín ìríran rẹ̀ ń kú, ojú méjèèjì. Etí ojú á ṣì máa rí nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá kọjú sí gan-an ni kò ní rí mọ́. Ọdún méjì, bó bá pẹ́ tán, mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Orrin gbé páálí mọ́tò míì méjì wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ike inú wọn láti fi gbẹ́ Lorimer. Ó gba òrùlé lára ọ̀kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ lára èkejì. Lorimer gidi kan tó ti dípẹtà wà lẹ́yìn abà ìbátan rẹ̀, ó lọ fi téèpù wọ̀n ọ́n nínú oòrùn. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń ha á, tó ń dí i, tó ń tún un ha. Ó máa ń tẹ orí wálẹ̀ débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gọ́ọ̀mù. Mo ra gílóòbù tó mọ́lẹ̀ sí i fún un, n kò jẹ́ kó mọ̀ pé tìtorí tirẹ̀ ni. Nígbà tí Oṣù Kejì máa fi dé, gíláàsì àti ọ̀dà nìkan ló kù. Mọ́tò náà jọ Lorimer. Èmi tí ìyá mi fi Lorimer gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń ka ìkéde sókè, mo ka ìlà kan, mo dúró, mo tún un kà sínú. Lorimer ni. Àwòṣe tuntun pátápátá, kì í ṣe ike àtijọ́. Oṣù Kẹsàn-án ló máa jáde.

Ariwo sọ! Duane gun àga. "Ta ló sọ ọ́? Mo ní ta ló sọ ọ́?" Orrin kò pariwo. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Bí mo ṣe mọ ọkùnrin yìí pẹ́ tó, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí eyín rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a tó ń da ọ̀dà sórí èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ó fẹ́ mọ irú àwọ̀ tó máa bá ojúlówó mu, èyí ló wá fi ń dán an wò. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara mọ́tò tí kò wúlò mọ́ ni wọ́n fi ń dán ọ̀dà wò. Ó kun búlúù, ó kun aláwọ̀ ilẹ̀ lé e, ó kun àwọ̀ wàrà lé ìyẹn, títí gbogbo ìlà ilẹ̀kùn tó fi oṣù mẹ́jọ ha fi rì sábẹ́ ọ̀dà.

"Orrin, a kì í torí òjò tó ṣú da omi inú ìkòkò nù."

"Kí ni mo fẹ́ fi ayédèrú ṣe nígbà tí ojúlówó ń bọ̀? Oṣù méje péré ni, màdámù. Ojú mi á ṣì ríran."

Ó yẹ kí n já a gbà. Mo ń sọ ọ́ di òní pé ó yẹ kí n já a gbà.

Oṣù Kẹsàn-án dé, páálí kò dé. Wọ́n ní àwòṣe kù díẹ̀ káàtó, ó di Oṣù Kẹta. Oṣù Kẹta dé, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o bọ̀ ló pẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò sọ ìdí mọ́, ọjọ́ ni wọ́n kàn ń yí padà. Orrin kò to nǹkan míì. Ó ní òun ń fi ojú pamọ́ dè é. Ṣé ojú ṣeé fi pamọ́ ni? Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Duane bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn mọ̀ wá.

Ó lé ní ọdún méjì lẹ́yìn ìkéde kí páálí náà tó dé, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Mo tọ́jú ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, mo gbé e lé Orrin lọ́wọ́.

"Òun nìyẹn?"

"Òun ni."

"Àwọ̀ wo ni wọ́n fi sójú páálí?"

"Àwọ̀ ewé."

"A ò ṣe aláwọ̀ ewé rí nílé iṣẹ́ wa," ni Orrin wí. Duane rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà.

Orrin gbé páálí náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wá yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kó lè fi etí ojú rí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mọ́tò lápá kan, ojú lápá kan.

"Wọ́n ṣe é dáadáa," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, a máa bá yín tò ó," ni Duane wí. "Ẹ máa sọ fún wa, àwa á máa lẹ̀ ẹ́."

"Rárá o, Duane. O ṣeun." Ó na páálí náà sí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàsé ọwọ́ mi. "Gbé e sórí pẹpẹ, Glenda. Ẹni tó lójú ni kó rà á."

Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ṣì kù kí a tó tú ká.