Ẹ̀bẹ̀ tí Mo Bá Ará Aṣálẹ̀ Bẹ̀

Òórùn ewé tòmátì tútù ló máa ń dá mi padà síbẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àfi bí ìgbà tí ìka ọwọ́ mi tún kú nínú ìbọ̀wọ́, tí mo tún dúró sí ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́nà etídò, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń wó àwọn ilé kọnkéré àtijọ́ ní Tavy Bridge. Inú ilé náà tutù ju ìta lọ, nítorí èso kò fẹ́ ooru. A ó tú tòmátì kúrò nínú páálí, a ó ṣa èyí tó ti rà kúrò, a ó to ìyókù sínú ike kéékèèké, ẹ̀rọ á sì fi ọ̀rá bò ó. Èmi ni alábòójútó tábìlì kan, mo sì gbé ipò náà sórí bí ẹni tó jẹ oyè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú máníjà, èmi ni mo máa ń lọ bá a bẹ̀bẹ̀. Nílé ní Ìjẹ̀bú, bàbá mi ni wọ́n máa ń pè tí ọkọ bá lé aya, tí onílé bá fẹ́ ju ẹrù ayálégbé síta, ó sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo gbà pé mo jogún ẹnu rẹ̀. Ẹnu nìkan ni mo jogún. Mo gbàgbé pé bàbá mi máa ń fi etí gbọ́ tán kó tó la ẹnu.

Ìgbà òtútù kan ni wọ́n mú ọkùnrin kan wá sórí tábìlì wa, ó ga, ó rù, irun rẹ̀ ti ń funfun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àńtí, obìnrin Ìbàdàn tó dàgbà jù nínú wa, kò lè rí àlejò kó má bi í ní ìlú rẹ̀. Ọkùnrin náà ní láti Sàhárà ni òun ti wá.

"Sàhárà kì í ṣe ìlú," ni Àńtí wí. "Yanrìn ni. Ta ló bí ọ sínú yanrìn?"

"Màmá mi ni."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Àńtí ti fi í ṣe àbúrò, òun ló sì kọ́ ọ pé kó máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Nígbà ìsinmi, ó máa ń ṣàlàyé ilẹ̀ wọn fún wa lórí tábìlì ìjẹun. Etí tábìlì ni òkun, ẹja sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọkọ̀ apẹja ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Àárín ni yanrìn àti òkúta, níbi tí wọ́n ti ń wa erùpẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ gígùn kan ló ń gbé e gba inú aṣálẹ̀ lọ sétíkun, ó sì ti ṣeré lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ní oko. Ràkúnmí ni wọ́n ń sìn, ibi tí ìkùukùu bá kọrí sí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, torí ibẹ̀ ni koríko yóò hù sí. Nígbà tí àwọn òyìnbó Sípéènì kó ẹrù wọn lọ, Mòrókò ní tàwọn ni ilẹ̀ náà látọjọ́ pípẹ́, àwọn ará rẹ̀ ní àwọn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ogun bẹ́. Ó to ṣíbí wa kalẹ̀ ní ìbú tábìlì, ó ní ògiri yanrìn tí Mòrókò mọ la ilẹ̀ náà já nìyẹn, sójà ló wà lórí rẹ̀, àdó olóró ni wọ́n rì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkun, ẹja, erùpẹ̀ ajílẹ̀ àti ìlú tí wọ́n bí i sí wà lápá ọ̀hún. Lápá ìhín, òkúta. Ẹ̀yìn òkúta náà, ní ilẹ̀ Àlùjíríà, ni àwọn tó sá ogun ti ń gbé inú àgọ́ títí wọ́n fi bímọ, tí ọmọ wọn náà fi bímọ. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wà. Àwọn tó ń rí sí ìwé ìgbélùú ti sọ fún un pé bí ó bá lè fi hàn pé òun ṣiṣẹ́ ọdún kan láìdá, yóò lè mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ku oṣù mẹ́rin.

N kò gbọ́ tẹnu Mòrókò, àwọn àgbà sì ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà mo gbọ́, mo mirí, mo jẹ búrẹ́dì mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, páálí tuntun dé. Mòrókò ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí a ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà kékeré kan wà nísàlẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n ti kó o wá ló wà lórí rẹ̀: ìlú tí wọ́n bí ọkùnrin Sàhárà náà sí ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé páálí náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní òjò ibẹ̀ kò tó mú tòmátì so. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà sínú ilé ọ̀rá tí wọ́n ń gbìn ín sí, omi tí àwọn baba rẹ̀ ń fún ràkúnmí mu, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn tó wà nínú àgọ́ léèrè. Òun kò ní fọwọ́ kàn án. Máníjà dé, ó gbọ́, ó ní tòmátì ni tòmátì. Ó ní kó lọ sílé, kó wá rí òun lọ́la.

Oṣù mẹ́rin péré! Mo rò ó títí. N kò pè é lórí fóònù. Ohun tí à ń ṣe nílé ni mo ṣe: kí ẹlẹ́jọ́ tó dé, alágbàwí ti gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá máníjà, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Mo ní orí ló ń fọ́ ọkùnrin náà lánàá. Mo ní ó ti pè mí, ó ti sunkún, ó ní òun jẹ̀bi. Nígbà tí máníjà bi mí pé ta ló ni ìlú ọ̀hún gan-an, mo dáhùn kíá pé Mòrókò ni, pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló ná mi? Lọ́dọ̀ tiwa, alágbàwí a máa gba ẹ̀bi kún ẹ̀bi kí ojú ẹni tó ń bínú lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á mọ òótọ́ sí ikùn ara rẹ̀. Ojú máníjà rọ̀ lóòótọ́. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ ẹ̀dà méjì jáde, ó ní kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Mo fọwọ́ sí i. Mo mú ẹ̀dà kan, mo lọ pàdé ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Àbúrò, ó ti parí! Ṣáà fọwọ́ sí i, kó o wọ ìbọ̀wọ́ rẹ."

Ó kà á. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ eléyìí?"

"Èmi ni. Ẹnu lásán ni."

"Ẹnu tèmi ni."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ì bá ti kúrò nínú àgọ́ tipẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Mòrókò ń dúró dè lẹ́nu wa ká tó padà sílé, pé ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa. Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀yin ti bá mi sọ ọ́ kí n tó débi iṣẹ́."

Ó kọjá lára mi, ó wọlé lọ bá máníjà. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ ohun tó wá tọrọ láàárọ̀ ọjọ́ náà: kí wọ́n gbé òun lọ sí tábìlì kárọ́ọ̀tì, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí tiwa, tí èmi fúnra mi ì bá sì gbé e lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n máníjà ti ní ìwé lọ́wọ́. Ó ní, "Lánàá o sunkún, o gbà. Lónìí o ti yíhùn padà. N kò lè bá ẹlẹ́nu méjì ṣiṣẹ́." Ọkùnrin náà jáde, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Àńtí ti wà lẹ́yìn mi látìgbà yìí. "Ọ̀gá Ìjẹ̀bú, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ẹ bá èèyàn bẹ̀bẹ̀, ẹ bá a ta ilé baba rẹ̀."

A di tòmátì náà tán lọ́jọ́ yẹn, Àńtí pàápàá dì í, torí ọmọ ń bẹ nílé. Wọ́n pọ́n dáadáa. Bóyá la fi rí méjì tó rà nínú wọn.

Ọdún iṣẹ́ kan tí kò gbọdọ̀ dá ti dá. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó ríṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní Woolwich, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oṣù kìíní. Kó tó pé, àrùn kíndìnrín pa ìyàwó rẹ̀ nínú àgọ́, níbi tí ilé ìwòsàn tó lágbára ti jìnnà. Àńtí ló sọ fún mi, òun ló sì mú mi lọ kí i, ní iyàrá rẹ̀ lókè ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro tó kọjú sí adágún Southmere. Ó gbà wá lálejò, ó fún wa ní omi. Mo rọra kúnlẹ̀, mo ní, "Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́..."

Ó nawọ́ dá mi dúró. Kò bínú. "Ẹ má bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n bẹ̀ jù."

Mo padà sórí àga mi. Mo mu omi tó fún wa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Àwọn ará wa ṣì máa ń pè mí sí ẹjọ́, wọ́n á ní, "Daddy, ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́." Mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ àti ohun tí n kò gbọdọ̀ sọ, inú a sì máa bí wọn pé mo ti di òyìnbó. Ilẹ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu àríyànjiyàn títí dòní, àwọn alágbára ayé sì ń kọ ìwé lé ìwé lórí rẹ̀. N kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Mo kàn mọ̀ pé nínú gbogbo ìwé tó sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti àwọn tó ni ín, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ máníjà kan ní Thamesmead, tí ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.