Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Nílé Màmá Àtọ́kẹ́

Nínú fíìmù ogun, ara ẹni tó gbé ẹlẹ́wọ̀n tó sá pamọ́ sílé máa ń balẹ̀ ni. Ṣọ́jà á já wọlé, onítọ̀hún á máa tẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ. Irọ́ ni jàre. Mo mọ ẹni tó ṣe é lóòótọ́ ní àdúgbò wa lẹ́yìn Ìgàndó, kò sì fojú ba oorun.

Màmá Àtọ́kẹ́ ni. Opó ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìjọ aláṣọ funfun wa láti ọdún méjìlélógún. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàtà tàbí ìbọ̀sẹ̀ tẹ ilẹ̀ mímọ́, ẹnu Màmá ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, bó ti wù kó tóbi tó.

Lóṣù kẹfà, àwọn ajàgùngbalẹ̀ gba àdúgbò wa. Wọ́n ní ilẹ̀ baba àwọn ni. Wọ́n dí ojú ọ̀nà méjèèjì, kò sẹ́ni tó lè jáde láìjẹ́ pé wọ́n tú ẹrù rẹ̀. Wọ́n mú Gideon, bíríkílà tó ń kọ́lé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí, wọ́n sì fi okùn de ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí. Lọ́jọ́ kẹta, Gideon já okùn. Yàrá Màmá Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ bá ní ṣíṣí, ló bá kó wọbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú garawa ló ń tọ̀ sí. Bó bá fẹ́ wúkọ́, Màmá á gbé orin sókè. Gbogbo àwa tá a jọ ń gbé ilé náà la mọ̀, kò sì sẹ́ni tó yanu. A ti pe ọlọ́pàá, a ṣì ń retí wọn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, a gbọ́ pé àwọn ajàgùngbalẹ̀ fẹ́ tú gbogbo ilé nígbà tá a bá wà ní ìsìn. Màmá gbé sùtánà ọkọ rẹ̀ wọ Gideon, ó sì fún un ní ìbọ̀sẹ̀ kí àpá okùn má baà hàn.

"Olúwa á foríjì wá," ló wí. Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

A wà lórí ìkúnlẹ̀, a doríkodò, nígbà tí ajàgùngbalẹ̀ méjì yọ. Àwọn náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn funfun nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ti yíjú padà, wọ́n fẹ́ máa lọ. Màmá, tó ti fi ìbẹ̀rù dijú, bá lajú. Ìbọ̀sẹ̀ lórí ilẹ̀ mímọ́ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé.

"Ta nìyẹn? Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn kíá!"

Gideon, tó ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ bíi gbogbo wa, bọ́ ọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Wọ́n rí àpá okùn, wọ́n sì wọ́ ọ jáde. Màmá tẹ̀ lé wọn nínú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán. Èmi náà tẹ̀ lé e dé kọ́nà, mo dúró síbẹ̀, ojú sì ń tì mí dòní. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú:

"Èmi ni mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ dá a padà fún mi, àbí kẹ́ ẹ mú èmi náà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tì í mọ́lé pẹ̀lú Gideon.

Ọlọ́pàá dé lọ́jọ́rú, wọ́n kó àwọn méjèèjì jáde láàyè. Àwọn èèyàn ń yin Màmá, kò gbà. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pa á mọ́, ẹnu kan ṣoṣo ni mo fi tà á."

Mo bi í pé kí ni Gideon ṣe nígbà tí wọ́n tì í wọlé tọ̀ ọ́. Ó ní Gideon sún, ó fi ìdajì páálí tó sùn lé sílẹ̀ fún òun, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ilẹ̀ tutù."