Ṣé Ó Kù?

Láàárọ̀ yìí, mo ń ro kókó lórí iná nígbà tí ọmọbìnrin kan ké sí mi láti òdìkejì ògiri pé, “Màmá, ṣé ó kù?” Kókó ló ń béèrè. Òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣíbí sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ̀rín lo fi rín, o ní ọwọ́ àgbà ló ń gbọ̀n. Kì í ṣe ọwọ́ àgbà. Mú bíìkì tí o fi ń kọ̀wé, kó o jókòó. Èmi ò mọ ìwé, àmọ́ mo gbọ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ní àmì wẹ́wẹ́ tí ẹ ń fi sórí ọ̀rọ̀, òmíràn ń wo òkè, òmíràn ń wo ilẹ̀. Má fi wọ́n ṣeré nínú èyí tí mo fẹ́ sọ.

Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ ní Parakou, tí wọ́n fa tiwa sókè, bàbá mi gbé mi sí èjìká kí n lè rí i, ọrùn sì dùn ún títí di ọjọ́ kejì. Òjò ọdún méjì rọ̀ dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Ti ọdún kẹta ni kò rọ̀ tó. Ọ̀dá tó tẹ̀ lé e ni mò ń wí, mi ò sì ṣeé gbé sí èjìká ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà náà.

Àdúgbò Zongo là ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já ẹrù. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni bàbá mi, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe: ilẹ̀kùn, fèrèsé, àpótí àwọn oníṣòwò. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní àdúgbò, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó bá wa jà sí i. Páànù wà lórí ilé wa. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́. À ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹran sì ń wà nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Lékè gbogbo rẹ̀, a ní kànga tiwa nínú ọgbà. Bàbá mi fi pákó tó nípọn ṣe ìdérí fún un, ó fi irin dè é, ó fi àgádágodo tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní etí ìró ìyá mi, ó ta á ní kókó mọ́ ọn, kì í tú u àfi tó bá fẹ́ ṣí kànga.

Èmi rò pé ọlọ́rọ̀ ni wá. Mo sọ ọ́ lójú bàbá mi lọ́jọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó fi gbá mi lórí díẹ̀. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ó rọ̀ wá lọ́rùn ni. Àlájì ni ọlọ́rọ̀.” Àlájì tó ń wí ló ni àwọn lọ́rì tó ń kó ẹrù lọ sí Niamey. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun náà ní kànga, àmọ́ ìta gbangba ni tiẹ̀ wà, kò ní ìdérí, àfi okùn àti korobá tí ẹni tó bá dé lè mú. Bí wọ́n bá bi bàbá mi pé báwo ni nǹkan, ìdáhùn kan ló ní: “Ó tó wa.” Á fi ẹ̀rín sí i. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn sí i, torí kì í ráhùn, kì í sì í fọ́nnu. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Ótówa nìyẹn, tí àwọn ọmọ kan sì gbà pé orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni.

Ògiri amọ̀ kan ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi Ràbí ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá Ràbí, ó ń wa lọ́rì fún Àlájì, ó lè lọ fún oṣù méjì kó tó dé. Ẹ̀yà Dendi ni ìyá rẹ̀, láti apá Malanville. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn ni kì í bọ́ síbi tó yẹ. Bí a bá ní ọkọ rẹ̀ dà, á ní, “Ọkọ̀ mi wa ọkọ́ lọ sí Niamey.” Àwa ọmọdé á ṣubú lé ara wa lórí fún ẹ̀rín: lọ́rì wa ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko! Òun náà á bá wa rín in. Kì í sì í rántí fi “ṣé” sí ìbéèrè. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ kù lọ́wọ́ wa, á kàn dúró, á ní, “Iyọ̀ kù,” a ó sì mọ̀ pé ìbéèrè ni.

Ràbí fi ọdún kan jù mí lọ. Eyín iwájú rẹ̀ kán díẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ẹnu fọn bí ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ gáà, débi pé àwọn aláàárù kan ti dìde sáré lọ gbẹrù rí. Ihò kan wà lára ògiri yẹn tó gba igbá. Láràárọ̀, tí a bá pọnmi tán, Ràbí á fi ẹnu sí i, á ké pé, “Ṣé ó kù?” Èmi á dáhùn pé, “Ó kù!” màá sì da omi tó kù nínú korobá sínú igbá rẹ̀. Nígbà míì kì í ṣe omi rárá. Ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò ni, tàbí ẹ̀pà, tàbí kí n kàn jáde wá ká lọ ṣeré. Ó ti di orin lẹ́nu wa.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ, tí oòrùn gba ojú ọ̀run, kànga Àlájì ló kọ́kọ́ gbẹ. Gbogbo Zongo ló ń fà á, kò sì lé ẹnikẹ́ni, kódà nígbà tí amọ̀ ti ń bá korobá gòkè. Mo rí àwọn ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n gbé garawa lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi gáà láàárín àwọn aláàárù. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ wo ọlọ́rọ̀ tó ń tò fún omi.”

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá wọn, ọlọ́rọ̀ náà ni.”

Tiwa kò gbẹ, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń so okùn mọ́ okùn. Bàbá mi wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó sọ ọ́ sínú àpò tirẹ̀. Ó mú mi lọ sídìí ògiri. “Bí ọmọ yẹn bá béèrè, o ó ní kò kù.”

Mo ní, “Bó bá kù ńkọ́, Bàbá?”

Ó ní, “Ó tó wa ni. Mi ò sọ pé ó kù.”

Má kọ ọ́ pé èèyàn burúkú ni. Ọmọ mẹ́rin ló ní, ó sì ń gbọ́ bí korobá ṣe ń pẹ́ kó tó kan omi. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ràbí ké. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni mo dúró sí, ó kún dé ọrùn. Mo ní, “Kò kù.” Ó fi ojú kan wo inú ihò. Ó rí ìkòkò náà. Mo mọ̀ pé ó rí i, torí ó ní, “Ó dáa,” bí ẹni ń dá àgbàlagbà lóhùn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí apá Titirou, níbi kòtò tí àwọn mọlémọlé ti ń wa amọ̀. Omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, àwọn màlúù ń mu ún. Á gbé igbá kọjá níwájú ilé wa, kò ní fọn bí ọkọ̀ ojú irin, kò sì ní wo ẹ̀gbẹ́ tiwa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì. Bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa fún un ní omi tó mọ́ mu dáadáa. Omi tó mọ́! Ìyá mi ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, tó wá sọ ọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi ń fá pákó, kò gbé orí sókè. Ìyá mi bu omi kúrò nínú ìpín tiwa, ó gbé e lọ fún wọn. Ọmọ náà kò lè gbé e mì mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ń fọ abọ́ lẹ́bàá ihò yẹn nígbà tí ohùn kan wá láti òdìkejì. Ìyá Ràbí ni.

“Ó kù,” ló wí.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni kó o kọ ọ́. Kí àmì náà máa wo ilẹ̀. Mo rò pé ó ń béèrè ni. Bàbá mi wà nítòsí, mo sì fẹ́ kó rí i pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí. Mo ké sínú ihò náà pé, “Kò kù, Ìyá Ràbí! Ó tó wa ni!”

Kò kúrò níbẹ̀. Ó tún ní, “Ràbí. Ràbí ló kù.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ yé. Ó ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré gba ojú ọ̀nà lọ. Bàbá mi gbé ìfági sílẹ̀. Ó dé ìdí kànga, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ojú àgádágodo, kò rí i, ó wá mú òòlù, ó sì fọ́ ọ. Ó fa omi. Àwọn obìnrin àdúgbò ti dé láti wẹ òkú. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé garawa náà gba àárín wọn kọjá, ó pa dà, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta. Omi ń dà sí i lára, kò mọ̀. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹrin dé, Ìyá Ràbí jáde pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò bú u. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ó ní:

“Bàbá, ó tó.”

Nínú gbogbo Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin yẹn, èyí ni mo gbọ́ tó bọ́ sójú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá mi dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Àlájì ló pèsè aṣọ funfun, òun náà sì wà níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, eruku bò ó lẹ́sẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Kí òjò tó dé, Ìyá Ràbí ti pa dà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò dágbére fún wa. Ṣé ó yẹ kó dágbére ni? Kò sẹ́ni tó pe bàbá mi ní Bàbá Ótówa mọ́. Kò sì ti kànga náà mọ́ títí ó fi fayé sílẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó wá pọn níbẹ̀. Wọ́n á kí wa dáadáa, wọ́n á sì gbé garawa wọn kọjá.

Ní báyìí, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé, ògiri wa di síméńtì, wọ́n sì to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Orí àga ni ọmọ àárọ̀ yìí gùn kó tó lè rí mi. Mo bu kókó fún un, ó kún abọ́. Mi ò lè jẹ tèmi.

Nígbà tí ọkọ mi ra mọ́tò àkọ́kọ́, tí inú àwọn ọmọ mi ń dùn kiri ilé, ìyá rẹ ló wá bi mí pé, “Màmá, ṣé a ti di ọlọ́rọ̀?” Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ní mi ò mọ̀, mo ní inú ilé wa kọ́ ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Ẹ lọ sí òdìkejì ògiri. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè.”