Ìjẹrin Òní

Mo ṣì ń gbóòórùn ọ̀dà gbígbóná tí a fi ń dí ọkọ̀ létí ọ̀sà Ọ̀jọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi káfíńtà. Ọ̀gá ò mọ̀wé. Èmi tí mo ka Sítáńdáàdì Fóò ni wọ́n fi ètò iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri pẹ̀lú ọjọ́ tí olóhun ń bọ̀; èyí tó bá ṣáájú la ó kọ́kọ́ ṣe. Ètò náà dára, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ Ajé kan, bàbá apẹja kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ tó lu nídìí wá. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọmọ dábùú nínú ikùn ìyàwó rẹ̀, kó gbé e dé ọsibítù ní Èkó kó tó rọbí.

"Ìjẹrin òní la ó wọ ọkọ̀ o, akọ̀wé."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń ka òní mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò ilé ìwé ni mo fi ṣe é: mo fi mẹ́rin kún Ajé, mo kọ Jímọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì gún régé. Àga tíṣà kan ní Ìbà la wá kọ́kọ́ dojú kọ.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀, bàbá náà dé, ìyàwó rẹ̀ fara ti èjìká rẹ̀, ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì dojú dé, ihò rẹ̀ ń wò wá.

"Akọ̀wé, kí lo kọ?" Ọ̀gá yíjú sí ògiri.

"Jímọ̀ ni, ọ̀gá."

Bàbá náà na ìka rẹ̀ sí mi lójú. "Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀. Mélòó nìyẹn?"

Ọ̀gá sáré gba etí omi lọ wá ọkọ̀ yá, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ti gbé ọkọ̀ wọn lọ pẹja. Mo ń kan pákó mọ́ ihò náà, ìṣó ń wọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà ń kérora, síbẹ̀ ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má pariwo mọ́ akọ̀wé. Ẹ̀rù ti ń bà á." Oòrùn ti yọ gan-an kí ọ̀gá tó rí ọkọ̀ mú wá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá náà nìkan ló wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá yè. Ọmọ ò yè. Ó fọwọ́ pa ibi tí mo lẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ó dí dáadáa."

Lónìí, mi ò kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀ láìjẹ́ kí olóhun fi ìka kà á fún mi. Àwọn oníbàárà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń bá wọn rín in. Bóyá wákàtí tí a fi dúró de ọkọ̀ yẹn ló pa ọmọ náà, bóyá kọ́, ẹnì kan ò sọ fún mi rí. Èmi náà ò sì tíì lè béèrè.