Omi Àkọ́rọ̀ Lára Ewéko Tó Ń Jẹ Kòkòrò

Èmi ni mo kọ́kọ́ sin ewéko tó ń jẹ kòkòrò ní gbogbo ẹ̀yìn Ọjà'ba, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Tíṣà báólójì kan ní Mọ́lété ló fún mi. Mi ò parí ìwé mẹ́wàá, àmọ́ mo máa ń bá a bomi rin òdòdó lọ́jọ́ Sátidé. Ewéko ọ̀hún ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Irun pupa ló wà lára ewé rẹ̀, omi tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù sì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Kantíkantí tó bá bà lé e, ó parí fún un nìyẹn.

Tíṣà ní, "Tó o bá rí ọmọ mú lára ẹyọ kan yìí, wàá máa wá ṣiṣẹ́ lọ́gbà mi lójoojúmọ́. Tó bá kú, má wulẹ̀ padà wá."

"Ẹ máa retí ogún, sà."

Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an. Bàbá mi ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ ní Òjé pé kí n wá kọ́ṣẹ́, mi ò sì fẹ́.

Kò le: gé ewé, jẹ́ kó léfòó nínú ìgò omi òjò, dé e, gbé e sójú fèrèsé, fi í sílẹ̀ fún bí oṣù kan. Omi kànga á pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mo gbé báfù sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà pariwo látinú ilé.

"Ìwọ ọmọ yìí! Jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ páànù ná!"

Gbogbo agbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n: ẹnikẹ́ni kì í gbe omi òjò àkọ́kọ́. Eruku ọyẹ́ ló ń fọ̀, àti ìpẹtà, àti ìgbẹ́ alángbá.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa mu ún. Omi òjò lomi òjò."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Omi yẹn pọ́n bíi tíì. Mo gé ewé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, mo ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń ṣí i, tí mò ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tì í wò. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ ti dúdú, ó ti ń rùn. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Mápó yọjú sí i.

"Àgbẹ̀ ńlá! Ẹ̀fọ́ lo sè ni?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Omi yẹn náà ni mo fi ń rin ìyá ewéko náà, etí ewé tó kù sì ti ń gbẹ. Mo lọ bá Ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí òjò kẹta ń ṣú, ó gbé abọ́ funfun rẹ̀ sórí àpótí láàárín gbangba, níbi tí omi páànù ò lè ta dé. Omi yẹn mọ́ kedere. Mo fi fọ iyẹ̀pẹ̀ ewéko náà títí. Ó wá ku ewé kan ṣoṣo yẹn. Tí mo bá gé e tó jẹrà, ó tán.

"Gé ìdajì," Ìyá àgbà ní. "Kó o sì gbé ìgò yẹn fún mi. Ọwọ́ rẹ ò gbélé."

Ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ló gbé e sí. Bí mo bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, "Jáde!" Mo rìn yí àgbàlá ká títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta kó tó pè mí. Èhù tútù méjì ti yọ lára ewé náà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Mọ́lété kí ọ̀kadà má baà gbọn ìgò náà. Tíṣà fi awò wò ó pẹ́.

"Kí ló pa àwọn tó kù?"

"Èmi ni, sà. Omi àkọ́rọ̀ ni mo lò."

Ó dé ìgò náà padà. "Aago méje láàárọ̀ Mọ́ńdè."

Aago mẹ́fà ni mo ti dé ẹnu géètì rẹ̀.