Omi amọ̀ tí ìyàwó dà nù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó ọmọ mi da omi amọ̀ mi nù láàárọ̀ yìí, ó ní ó dọ̀tí!

Èkùrọ́ tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta pa ló wà nílẹ̀ o. Oníbàárà mi ní Ọjà'ba ń bọ̀ wá kó o nírọ̀lẹ́, ó sì ti búra pé bí òun bá tún rí èèpo nínú ẹ̀, òun ò ní rà á lọ́wọ́ mi mọ́.

Mo ti Bẹẹrẹ dé, mo bá ìyàwó tó ti bu omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara kún bàsíà. Èkùrọ́ rì, èèpo rì, gbogbo ẹ̀ wà nísàlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú, èkùrọ́ ò léfòó."

"Báwo ló ṣe máa léfòó? Amọ̀ tó o dà nù yẹn ló ń gbé e sókè, tí èèpo á fi rì!"

"Háà! Ta ló ń fi ẹrẹ̀ fọ nǹkan, Ìyá?"

"Ìyá ọkọ ẹ ni!"

Ẹ̀rín pa wá. A sáré po amọ̀ mìíràn, èkùrọ́ léfòó, a fi ajere kó o. Mo fẹ́ sá a bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ìyàwó ò gbà. Ó fi omi ẹ̀rọ ṣan amọ̀ ara ẹ̀ kúrò ká tó sá a sóòrùn.

Oníbàárà dé, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kò rí èèpo kankan.

"Ìyá, tòní mà ń dán o! Ta ló fọ̀ ọ́?"

Kí n tó lanu, ìyàwó ti dáhùn: "Èmi ni, sà!"

Ẹ gbà mí o! Omi tèmi ló ṣe é ni, àbí omi tiẹ̀?