Kafilatou àti Mọ́tò tí Ọyẹ́ Ń Dà Láàmú

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Tonton Tairou, mẹkaníìkì tó lórúkọ jù ní Tchaourou, ni mo ti ń ta ẹ̀sáǹsì, epo tí mọ́tò ń mu, nínú ìgò láti ìgbà tí ìjọba àwa-ara-wa ti padà dé. Nítorí náà, ohun tí mo bá sọ nípa Kafilatou, ojú mi ló ṣe. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní kó fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tairou. Ó ti di mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù páànù sílẹ̀ fún un ní òdìkejì títì, àgádágodo ibẹ̀ sì ti ń dípẹtà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tairou sún ọjọ́ òmìnira rẹ̀ síwájú: lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òjò ń rọ̀, lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ọwọ́ obìnrin kò lágbára. Inú bí mi ju Kafilatou fúnra rẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn ni mọ́tò àlòkù ń ya wọlé láti Kutọnu. Malik, ọmọ ìlú Bétérou tó ń ra kajú, ra pupa kékeré kan, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọyẹ́ dé, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tairou pààrọ̀ bùjí tó ń ṣáná, ó fọ ibi tí ẹ̀sáǹsì ń gbà, pàbó. Malik, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, wá ń kéde pé omi ni mo ń pò mọ́ ẹ̀sáǹsì. Èmi Ìdòwú! Díẹ̀ ló kù kí n da ìgò kan lé e lórí.

Lọ́jọ́ kan tó tún gbé e wá lọ́sàn-án, tí ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, Kafilatou bi í pé, "Tonton Malik, ìgbà wo gan-an ló ń gbọ̀n?"

"Àárọ̀ kùtù, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Kí n tó dé ibí, ó ti gbóná, ara ẹ̀ á ti balẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó sùn síbí, kí n rí bó ṣe ń jí."

Tairou rẹ́rìn-ín. "Bon. Tó o bá rí àìsàn ẹ̀, Jímọ̀ tó ń bọ̀ lo máa gbòmìnira. Tó ò bá rí i, ọdún méjì sí i." Ojú gbogbo wa ló ti sọ ọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, gbogbo wa ti pé síbẹ̀, Tairou àti Malik náà, ọyẹ́ ń bẹ́ ni létè. Kafilatou kírun tán, ó jáde pẹ̀lú búútà àlùwàlá rẹ̀ tí omi ṣẹ́kù sí. Malik tan mọ́tò. Ó ń gbọ̀n bí oníbà. Kafilatou wá ń da omi díẹ̀díẹ̀ sára àwọn ọ̀pá rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí. Malik ti ń pòṣé. Abẹ́ ìkẹta fa omi mu, mọ́tò sì dẹ́kun gbígbọ̀n. Omi tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó yíjú sí Tairou. "Tonton, ó là níbí. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé. Òtútù ló ń mú rọ́bà súnkì, ojú ibẹ̀ á ṣí. Tó bá gbóná, á wú, á dí i. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi rí i lọ́sàn-án."

Tairou gba búútà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mọ́tò fara balẹ̀. Ó tún dà á. Abèèrè kì í ṣìnà. Àwa àgbà ni kò bèèrè.

Kafilatou fi rọ́bà mìíràn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nínú ọyẹ́ kan náà, mọ́tò jí láì gbọ̀n rárá. Malik wá ra ẹ̀sáǹsì lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kí n tó gbé ìgò, ó sì tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, Tairou da páúdà sí Kafilatou lórí, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Mo sunkún ayọ̀, n kò ní purọ́. A tẹ̀ lé e sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n àgádágodo náà kọ̀, kò ṣí. Tairou mú agolo epo rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ta epo sí i títí ó fi ṣí.